Bí mo ṣe ta káàdì aláìṣẹ̀ torí kọ̀ǹpútà tó ń kú lálaalẹ́

Ẹ jẹ́ n kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí tó ṣì ń dùn mí, torí tó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, màá ti máa fi rẹ́rìn-ín, màá dẹ̀ fo gbogbo ibi tí mo ti hùwà òmùgọ̀.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, iṣẹ́ fídíò òde ni mò ń ṣe: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ, ibi tí wọ́n bá ṣáà ti pè mí sí. Láptọ́ọ̀pù ni mo fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ láptọ́ọ̀pù yẹn, tí n bá ní kó ṣe ríńdà fídíò wákàtí kan (ìyẹn kó pa gbogbo ohun tí mo gé pọ̀ di fídíò kan), mo lè lọ ra ata ní ọjà Bódìjà, kí n lọ̀ ọ́, kí n gbé e kaná, kí n tó padà wá bá a níbi tí mo fi í sí. Ni mo bá pinnu pé màá to kọ̀ǹpútà fúnra mi.

Ọdún 2023 ni mo ra àwọn ẹ̀yà ẹ̀. Ryzen 5 5600, pírósẹ́sọ̀ tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀, nìkan ló jẹ́ tuntun nínú páálí, ìyókù, tòkunbọ̀ ni, tàbí ká ṣáà sọ pé mi ò bèèrè. Mọ́dábọ́ọ̀dù B450, RAM 8GB méjì, SSD kan, káàdì gíráfíìsì RX 580 oní 8GB tí ẹni tó tà á fún mi búra pé ọmọ yunifásítì kan ló fi ń gbá bọ́ọ̀lù FIFA, pé wọn ò fi ṣe máínìnì rí, ìyẹn kí wọ́n máa fi wa owó kírípítò. RX 580 wo ni wọn ò fi ṣe máínìnì rí? Mo rẹ́rìn-ín, mo sanwó, 85,000. Páwà sọ́pláì, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀, ni mo rà gbẹ̀yìn, nígbà tówó ti ń tán lọ́wọ́. Ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn ní Computer Village n'Íkẹjà ní "600W ni, ẹ̀gbọ́n, á gbé e dáadáa." Mo gbé e lọ́wọ́, ó fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì. Mo wo ẹ̀yìn ẹ̀, mo rí súìṣì pupa kékeré tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí, inú mi tiẹ̀ dùn pé èmi náà mọ nǹkan, mo yẹ̀ ẹ́ wò pé orí 230 ló wà torí tó bá wà lórí 115 tẹ́ ẹ fi kì í bọ iná wa, páà ló máa dún. Ohun tó ká mi lára ò ju ìyẹn lọ. Ẹ rántí súìṣì pupa yẹn o.

Orí tábìlì oúnjẹ ni mo ti tò ó, ìyàwó mi ń wò mí bí ẹni tó rí ọkọ ẹ̀ tó ń tú ẹ́ńjìnnì mọ́tò nínú pálọ̀. Ọmọ abẹ́rẹ́ 1331 ló wà lábẹ́ 5600 yẹn, tí ọ̀kan bá tẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ẹkún, mi ò mí títí mo fi tẹ irin ẹ̀ dé e. Mo tàn án, fáànù ń yí, monítọ̀ ò mú nǹkankan jáde. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti tò ó rí ti mọ̀: B450 ti wà láti 2018, 5600 jáde ní 2022, BIOS ayé àtijọ́ tó wà nínú bọ́ọ̀dù, ètò tó fi ń jí, ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Fláàṣì kékeré kan, fáìlì BIOS tuntun, bọ́tìnnì tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù, bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó tán. Ohun tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé kí n tó rántí BIOS, RX 580 yẹn ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sí pé ó ti kú, 5600 ò dẹ̀ ní gíráfíìsì tiẹ̀ nínú tí n bá fi dán an wò. Ó dà bíi pé látọjọ́ yẹn ni mi ò ti dárí ji káàdì yẹn tán.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, oyin ni. Fídíò tó ń gba odindi òru tẹ́lẹ̀, kí n tó fọ abọ́ tán ó ti ṣe tán.

Ìgbà tó di alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù kọkànlá, bí aago mẹ́jọ ààbọ̀, mo fi fídíò ìgbéyàwó kan sí ríńdà nínú DaVinci Resolve tí mo fi ń gé fídíò, mo lọ jẹun. Mi ò tíì bu òkèlè kejì tí mo gbọ́ tí fáànù dákẹ́ lójijì, tó tún bẹ̀rẹ̀ ariwo. Mo sáré débẹ̀, Wíńdò ló ń ṣí lákọ̀tun bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Wọn ò mú iná lọ o, tẹlifíṣàn ń sọ̀rọ̀, gílóòbù ń tàn. Mo tún un ṣe, ó dé ìdá 30 nínú 100, ó kú. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ìdá 12. Mo bínú lọ sùn. Láàárọ̀ mo tẹ̀ ẹ́, ó ríńdà ẹ̀ tán pátápátá láìkọsẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, kì í dẹ̀ ṣe lójoojúmọ́, ìyẹn ló ń ya èèyàn ní wèrè. Tí n bá ń wo YouTube lálẹ́, kò ní kú. Tí n bá ń gé fídíò lálẹ́, ó lè kú ó lè má kú. Tí n bá ń ríńdà lálẹ́, ó di kí n máa gbàdúrà. Ọ̀sán ńkọ́, kò sóhun tó ń ṣe é. Èmi dẹ̀ nìyí, òde ni mò ń lọ lọ́sàn-án, alẹ́ nìkan ni mo ní.

Mo lọ wo Event Viewer, ibi tí Wíńdò ń kọ ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí, mo bá Kernel-Power 41 níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà. Mo rò pé mo ti rí olè mú, àmọ́ gbogbo ohun tí 41 ń sọ ò ju pé "mo jí, mo rí i pé wọn ò pa mí dáadáa." BugcheckCode ẹ̀ dẹ̀ jẹ́ 0, kò sí ojú búlúù, kò sí orúkọ dráífà kankan. Mo ti wá mọ̀ báyìí pé òdo yẹn gan-an lohun tó ń pariwo: iná ti já lẹ́sẹ̀ Wíńdò kó tó ráyè kọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Nígbà yẹn, òdo ni mo kà á sí.

Mo fura sí ooru. Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń wọlé, mo yọ gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kéésì, mo gbé sítáńdìn fáànù tì í bí ẹni tó ń fẹ́ aláìsàn. 5600 ò kọjá dìgíríì 71, AMD ní ó lè gbóná dé 90. Káàdì ò kọjá 78. Ó tún kú. Mo fura sí RAM, mo pa XMP tó ń gbé e sáré lórí 3200 kó padà sórí 2133 tí wọ́n bí i mọ́, mo fi MemTest86 tó ń yẹ RAM wò sí i mọ́jú, ó yí i po ẹ̀ẹ̀mẹrin, kò rí àṣìṣe kan. Ó dẹ̀ yẹ kí ìyẹn là mí lójú, torí kọ̀ǹpútà tó máa ń kú lálẹ́ ló ṣe MemTest láti aago mẹ́jọ alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́ láìkú. Kí ni MemTest ò lò tí Resolve ń lò? Káàdì gíráfíìsì! Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi níbẹ̀. Ìdáhùn tí mo mú yẹn ò tiẹ̀ jìnnà sí òótọ́, ìyẹn ló tún burú jù.

Láàárín ìgbà yẹn, mọ́mì ìyàwó tí mo ya fídíò ìgbéyàwó ọmọ wọn ń pè mí lójoojúmọ́. Lákọ̀ọ́kọ́ "ọmọ mi" ni wọ́n ń pè mí, nígbà tó yá ó di "ọ̀gá fídíò", ìgbà tó wá di ọjọ́ kan wọ́n ní "ẹ̀ ń fi ọmọ mi ṣe ẹlẹ́yà lójú àwọn àna ẹ̀ o." Ọjọ́ yẹn ni mo lọ sí Queen Cinema, níbi tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà n'Ìbàdàn, mo ra káàdì mìíràn, GTX 1650, 4GB, 90,000. Mo yọ RX 580, mo ki 1650 bọ ibẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, lọ́sàn-án, lóru, kò kú lẹ́ẹ̀kan. Ó falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, fídíò 4K ń há a lọ́rùn torí 4GB ò tó o, àmọ́ kò kú.

Ẹ̀rí wo ló tún kù? Mo ta RX 580 fún ọmọ LAUTECH kan n'Ògbómọ̀ṣọ́, 60,000. Mi ò purọ́ fún un o, mo ní "àbúrò, ó máa ń kú tí n bá fi ríńdà, ìdí nìyẹn tí mo fi já a wálẹ̀." Ó ní kò burú, òun á máa fọwọ́ rọ́ ọ lò.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì, aago mẹ́jọ kọjá ogún ìṣẹ́jú, 1650 ń ríńdà, ó kú.

Mo kàn jókòó tì í ni. Mi ò bínú mọ́, mo kàn ń wò ó.

Ẹni tó yanjú ẹ̀ ò mọ kọ̀ǹpútà rárá. Baba rewáyà àdúgbò wa ni, wọ́n wá tún fáànù síílìnì ṣe fún wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n bá mi níbi tí mo ti tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó máa ń kú ni, Baba."

"Ìgbà wo?"

"Alẹ́ ni, sà."

"Ọ̀sán ńkọ́?"

"Kì í ṣe é lọ́sàn-án."

Wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wò mí. "Ṣé ó máa ń wo aago ni?"

Mo rẹ́rìn-ín, àwọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n ṣe ohun tí mo máa ń ṣe kó tó kú. Mo dá gbogbo ẹ̀ padà, mo fi í sí ríńdà, wọ́n fà àga, wọ́n jókòó, wọn ò wo monítọ̀ o, etí ni wọ́n fi ń gbọ́. Ó tó bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, sítébíláísà tí kọ̀ǹpútà ń gba iná lára ẹ̀ lábẹ́ tábìlì dún "kó". Kọ̀ǹpútà kú. Baba ní, "Ṣé o gbọ́ báyìí? Ó sọ fún ẹ kó tó kú."

Kí n máa purọ́ kí ni, ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ "kó" yẹn. Sítébíláísà wo ni kì í dún? Ó ti di bí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sí mi, etí ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n yọ mítà wọn jáde. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri, 154 fóltì. Lẹ́yìn sítébíláísà, 183, kó, 204, kó, 183 padà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo ya mítà náà, ara ògiri ń mú 221 wá, kò tiẹ̀ mì. Baba ní ṣé mi ò mọ̀ pé òpin láìnì la wà, tráńsfọ́mà kan ṣoṣo ló ń bọ́ gbogbo wa, tílẹ̀ bá ṣú tí kálukú darí dé, fíríìjì, áyọ̀ọ̀nù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, gbogbo ẹ̀ ló ń fà á, wáyà tín-ín-rín yẹn ni gbogbo ẹ̀ ń gbà. Wọ́n ní èyí tó tún wá burú ni pé tí féèsì kan ò bá gbé e mọ́, gbogbo àdúgbò á ṣí fíúsì wọn sórí féèsì tó dára, títí ìyẹn náà á fi dákú. Ẹ̀ẹ̀rùn dẹ̀ nìyí, kò sẹ́ni tí ò tan fáànù. Òótọ́ ni, oṣù mẹ́ta tó fi jẹ́ oyin yẹn, ìgbà òjò ni.

Mo ní àmọ́ Baba, fíríìjì ò kú, tẹlifíṣàn ò kú. Wọ́n ní ìyẹn lóun ò mọ̀, kí n lọ bi àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà. Owó tí mo mú jáde, wọ́n ní ti fáànù síílìnì nìkan làwọn máa gbà.

Mo wá tú páwà sọ́pláì jáde, mo ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tí mi ò kà rí látọjọ́ tí mo ti rà á. 600W ni wọ́n fi lẹ́tà ńláńlá kọ. Lábẹ́ ẹ̀, ní lẹ́tà bí ẹsẹ̀ èèrà, +12V, 20A. Ẹ ṣírò ẹ̀: 12 lọ́nà 20, 240W. Orí 12V yẹn dẹ̀ ni káàdì àti pírósẹ́sọ̀ ti ń jẹun, gbogbo ìyókù 600 yẹn, ẹnu lásán ni. RX 580, 185W ni AMD kọ fún un, 5600 lè fa tó 76W, ẹ ro ó pọ̀, 261. Ó ti ju ohun tó lè gbé lọ tí àwọn méjèèjì bá jọ ki ọwọ́ bọ àwo lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sán gan-an, eyín ló fi ń dì í mú. GTX 1650 ò kọjá 75W, ìdí tí ara fi tù ú fún ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn, títí iná àdúgbò fi wálẹ̀ débi tí ìyẹn náà ò ṣeé gbé mọ́. Káàdì tí mo ta ò ṣẹ̀ mí, oúnjẹ ẹ̀ ló pọ̀.

Ìlà kejì ni ti iná tó ń wọlé: 230V. Ìyẹn nìkan. Mo yá páwà sọ́pláì ọ̀rẹ́ mi kan tóun náà ń ṣe fídíò, tiẹ̀ kọ 100-240V, kò dẹ̀ ní súìṣì pupa kankan. Ìgbà yẹn ni mo wá mọ ohun tí súìṣì pupa yẹn ń wí.

Bó ṣe yé mi nìyí. Ẹ wò ó bí àmù. Inú páwà sọ́pláì, kápásítọ̀ ńlá kan wà tó ń gba iná pamọ́, tí ẹnu ẹ̀rọ omi bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kékeré, inú àmù la ti máa bù mu. Ìlànà ATX, tí wọ́n fi ń ṣe páwà sọ́pláì, ní kí omi inú àmù yẹn lè gbé kọ̀ǹpútà fún bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 16 tí iná bá já. Eléyìí tó ní súìṣì pupa, bí omi bá ṣe ń tì wá náà ni àmù ẹ̀ ṣe ń kún, iná 230 á kún un dáadáa, iná 154, ohun tó máa wà nínú ẹ̀ ò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀, kì í tiẹ̀ ṣe gbogbo ìyẹn ni igbá lè dé. Sítébíláísà wá dún kó, ìyẹn ni pé rílè inú ẹ̀ ń kúrò lẹ́sẹ̀ kan bọ́ sórí èkejì, ó di kí iná já fún ìṣẹ́jú tí ojú ò lè rí. Tẹlifíṣàn ò fura, kò fi bẹ́ẹ̀ fa nǹkan. Fíríìjì ò fura, mọ́tọ̀ ni, kàkà kó kú, á kàn sún díẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó ń ríńdà bu omi, igbá kan ìsàlẹ̀, ó tán. Èyí tó kọ 100-240V ní tiẹ̀, active PFC ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn dà bí ẹ̀rọ tó ń pọn omi: bó o gbé 110 fún un, bó o gbé 230 fún un, ibi kan náà ló máa pọnmi kún àmù dé, nǹkan bíi 380 sí 400 fóltì. Ohun tó bá rí tì ló fi ń ṣiṣẹ́.

Mi ò fẹ́ tún dájọ́ láìjẹ́ pé mo rí i, ojú ti tì mí tó. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi dán an wò, láàárín aago méje àti mẹ́wàá, fídíò kan náà. Alẹ́ àkọ́kọ́, páwà àtijọ́ lórí sítébíláísà: ó kú ẹ̀ẹ̀mẹta, gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn "kó". Mo tún kì í bọ ara ògiri tààrà, lórí 150 ó lé díẹ̀, kò sí "kó" kankan, mo tẹ ríńdà, kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi kú. Alẹ́ kejì, ti ọ̀rẹ́ mi lórí sítébíláísà: kó, kó, kó, kò mira. Ti ọ̀rẹ́ mi lára ògiri, mítà ń sọ 149: ó ríńdà tán. Alẹ́ kẹta mo dá ti àtijọ́ padà, torí mo mọ ara mi, mo lè sọ pé orí ló bá a ṣe é lálẹ́ ìjẹta. Ó kú kí n tó dìde lórí àga.

Mo ra 550W tó ní active PFC, 62,000. Ìlà 12V tiẹ̀ jẹ́ 45A, ìyẹn 540W, 550 tiẹ̀ kì í ṣe ẹnu lásán. Ó wúwo débi tí mo fi rò pé wọ́n ki nǹkan mìíràn sínú páálí. Mo yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára sítébíláísà pátápátá, fíríìjì ló wà níbẹ̀ báyìí, wọ́n ń bá ara wọn ṣe é. Páwà àtijọ́ ṣì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ẹnì kan fẹ́ rà á lọ́wọ́ mi lóṣù tó kọjá, ó ní ṣebí ó ṣì ń tàn. Mo ní rárá.

Látìgbà yẹn, kò tíì kú lẹ́ẹ̀kan, àfi tí NEPA bá mú iná lọ lóòótọ́, ìyẹn kì í dẹ̀ ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Fídíò mọ́mì ìyàwó ti jáde, wọ́n ti tún ń pè mí ní ọmọ mi.

Ohun tó kù ni 4K tó ń há 1650 lọ́rùn. Mo pe ọmọ LAUTECH yẹn, mo bi í pé káàdì yẹn ńkọ́, ṣé ó ṣì ń kú. Ó ní "Ẹ̀gbọ́n, kò tíì kú rí o, mo kàn ń retí ẹ̀ ni." Mo ní ṣé kò lè tà á padà fún mi, màá fún un ní 70,000. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tà. Mo ní 80. Ó ní "Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n," ó sì dákẹ́ sórí fóònù.